Àpá Mẹ́ta Lára Ìbọn Dókítà Hargis

Àpá náà kò gùn ju ìdajì èékánná lọ, ṣùgbọ́n igbe tí Dókítà Hargis ń ké lé e lórí ti gba gbogbo òpópónà kí Ardith Lund tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọlé.

"Oṣù mẹ́rìnlá, Merle! Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi dúró de ìbọn yìí. Obìnrin ìbá ti lóyún, ìbá ti bí, ọmọ náà ìbá ti máa jókòó!"

"Mo gbọ́, Dókítà."

"Ẹ ò gbọ́! Bí ẹ bá gbọ́ ni, ọmọbìnrin yẹn ìbá ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde."

Ardith dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọn yìnyín oṣù kẹrin kúrò lára bàtà rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn síbẹ̀. Kò sí ariwo tó lè ba ọjọ́ òní jẹ́ fún un. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ní àgbègbè Callow Fork yìí, ní Montana, ìbọn ìjọba ló sì ń so mọ́ ìbàdí ní gbogbo ọdún náà, ìbọn dúdú oníke kan báyìí tí kò fani mọ́ra rárá. Ó fẹ̀yìn tì nígbà ìwọ́wé tó kọjá. Òní ló wá gba ìbọn ìléwọ́ tirẹ̀, èyí tó fúnra rẹ̀ yàn.

Ìbọn méjì ló dé pọ̀ lọ́jọ́ Ajé, tirẹ̀ àti ti dókítà. Baba arúgbó kan tó ń jẹ́ Halvard Moe ló ṣe wọ́n, lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún. Ọwọ́ ló fi ń rẹ́ irin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orí ìbọn á fi bá ara rẹ̀ mu tí abẹ́rẹ́ ò ní lè kọjá láàárín wọn. Ogójì péré ló ń ṣe lọ́dún. Irú tí wọ́n ń pè ní fọ́tì-fáìfù ni wọ́n, ọta wọn sanra tó ọmọńdinrín ọkùnrin, irin wọn sì ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi wo ojú ara rẹ̀.

"Ardith, ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó," ni dókítà wí. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni, dókítà tó ń tọ́jú ìdajì ìlú, òun náà ni alága ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn. "Ẹ̀yin lẹ mọ ìwà ọ̀daràn."

Merle Dunphy, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, dúró lẹ́yìn káńtà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú àpò épíríọ̀nù. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Òun ló kọ́ Ardith ní ìbọn yíyìn nígbà tí Ardith ṣì wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá, nídìí tábìlì iṣẹ́, Jolene Bisset tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn ń nu irin kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ardith yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó kọ́kọ́ bi dókítà bóyá òun lè fọwọ́ kan ìbọn náà. Ní ìlú yẹn, o lè fa ìyàwó oníyàwó jó kí ọkọ rẹ̀ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n o kì í fọwọ́ kan ìbọn oníbọn láìgba àṣẹ. Ó fa orí ìbọn náà sẹ́yìn, ó wò ó bóyá ó ṣófo, ó sì gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Mẹ́ta ni," ó wí.

"Kí ni mẹ́ta?"

"Àpá. Ẹ̀ ń pariwo lórí ẹyọ kan, mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n tínrín, wọ́n sì sún mọ́ra."

"Ṣé ẹ fẹ́ tù mí nínú ni àbí ẹ fẹ́ pa mí?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ irú àpá yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Irin kékeré kan wà lápá òsì irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìdènà, òun ló so orí ìbọn mọ́ ara rẹ̀. Bí ènìyàn bá tú ìbọn láti nù ún, ìdènà yìí ló máa kì bọlé kẹ́yìn nígbà tó bá ń tò ó padà. Bí kò bá fara balẹ̀, imú irin náà á ha ara ìbọn, á sì fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ títí ayé. Àpá òmùgọ̀ ni wọ́n ń pè é. Lórí ògiri lẹ́yìn káńtà, fọ́tò àpá òmùgọ̀ bíi ogójì ló wà, orúkọ oníkálukú lábẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é á ra dónọ́ọ̀tì fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, Merle á kan fọ́tò rẹ̀ mọ́ ògiri, wọn á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Fọ́tò Ardith wà níbẹ̀, ti ọdún 1994. Ṣùgbọ́n ìbọn ara ẹni lèèyàn ń ha tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Ti ẹlòmíràn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn tí kò ní àpá?" Ardith bi dókítà.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Mo kọ fọ́ọ̀mù tí ìjọba fi ń yẹ ẹni tó fẹ́ ra ìbọn wò, kọ̀ǹpútà wọn ní kí n dúró lọ́jọ́ mẹ́ta. Merle jẹ́ kí n gbé e wò lábẹ́ iná. Ó ń dán gbinrin! Mo fi í sílẹ̀ níbí, mo lọ sílé, mi ò sì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà."

"Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé wá?"

"Èmi àti Jolene nìkan," ni Merle dáhùn. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Jolene sì ni alágbẹ̀dẹ!" Dókítà fi ọwọ́ lu káńtà. "Ta la tún ń wá? Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, Merle. Bí ó bá ṣì wà nídìí tábìlì yẹn láago mẹ́rin, ẹgbẹ́ wa á máa ra ìbọn níbòmíì."

Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ sí pápá ìyìnbọn, kí ó lè fi ìbínú náà yìnbọn.

*

"Ṣé ìwọ lo ṣe é?" Ardith bi Jolene nídìí tábìlì iṣẹ́.

Jolene kò gbójú sókè. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó ti lo ọdún mẹ́fà níbí. Kò sí tábìlì alágbẹ̀dẹ ìbọn mìíràn ní ọgọ́rùn-ún máìlì sí Callow Fork, ìyá rẹ̀ sì wà ní ilé àwọn arúgbó ní òpópónà kejì, tó jẹ́ pé bí Jolene kò bá yọjú lálẹ́, ìyá náà kì í jẹun. Bí wọ́n bá lé e lónìí, yálà kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kó fi ìyá sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni, mà."

"Mi ò bi ọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Mo ní ṣé ìwọ ni?"

"Ìbọn yín wà nínú àpótí níwájú, mà. Mo ti nu gíríìsì tí baba yẹn fi kún un kúrò, mo ti fi epo tuntun sí i. Ẹ lọ gbádùn rẹ̀. Ẹ ti dúró pẹ́."

"Jolene."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ọ̀rọ̀ náà rú Ardith lójú. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, olè á ní òun kọ́, ẹni tí kò jalè á sì ké ju olè lọ pé òun kọ́. Èyí tí kò sọ pé òun ni, tí kò sì sọ pé òun kọ́, kò wọ́pọ̀. Ó fi í sọ́kàn, ó sì lọ gba ohun tó wá gbà.

Ó kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ìjọba sì dáhùn kí ó tó mu kọfí tán. Tẹ́lẹ̀, bí ìbọn olówó ńlá bá dé, Merle fúnra rẹ̀ ló ń ṣí àpótí, á kọ́kọ́ ga ìdérí díẹ̀, á tún pa á dé, á ní kí oníbọn di ojú. Gbogbo ìlú ló mọ eré náà. Lónìí, ìgbọ̀nwọ́ ló fi ti àpótí náà sí Ardith lórí káńtà.

"Ṣí i fúnra rẹ," ó ní. "O ti dàgbà."

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ ìkókó?"

Merle rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò.

*

Pápá ìyìnbọn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù gan-an, òrùlé wà lórí àwọn tó ń yìnbọn, òkè iyẹ̀pẹ̀ sì wà lọ́ọ̀ọ́kán tó ń gba ọta. Dókítà Hargis wà ní ipò kejì, ó ń fi ìbọn rẹ̀ àtijọ́ rọ̀jò ọta sí iyẹ̀pẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kan bébà tí wọ́n gbé kọ́ fún àfojúsùn.

Ardith fi ìbòtí bo etí, ó tẹ ọta méje sínú àpò ọta, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbọn náà wúwo, ó tutù, igi ìdìmú rẹ̀ sì kún ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kò dín, kò lé. Ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí bébà. Ó mí sínú, ó mí díẹ̀ síta, ó fà á. Tíríga náà já láìtìkọ̀. Ìbọn bú, ó ta sókè, ó sì padà sọ̀kalẹ̀ síbi tó wà, bí ajá tó mọ ilé. Kò dà bí ìbọn ìjọba tó ń fò bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Nígbà tí méje pé, ó fa bébà náà sọ́dọ̀: ihò méje, ìdérí ife kọfí kan lè bò wọ́n tán. Inú rẹ̀ dùn dé ẹsẹ̀. Ó rò ó pé ìdúró oṣù mẹ́rìnlá kò ṣòfò, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó ṣì dára.

"Ó dára?" Dókítà bi í. Ojú kòkòrò hàn nínú ohùn rẹ̀.

"Ó dára débi pé mo fẹ́ lọ bẹ ìbọn àtijọ́ mi pé kó má bínú. Ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ wò."

Kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yin ọta méje, èjìká rẹ̀ sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń yìn ín. Nígbà tó parí, ó ń mi orí bí ẹni tó jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún pípẹ́.

"Ẹ bá mi tú u, Dókítà," ni Ardith wí, ó na aṣọ ìnubọn sórí tábìlì. "Kí n nù ún kó tó tutù. Èékánná mi ò lágbára mọ́."

"Kò le." Dókítà yọ àpò ọta, ó wò ó bóyá ìbọn ṣófo, títí dé ibẹ̀ ó ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó tẹ ibì kan, kò sí ohun tó jáde. Ó yí òrùka ẹnu ìbọn, kò yí. Ó ti ìdènà lápá iwájú, ó tún tì í lápá ẹ̀yìn. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n tú."

"Ta ló ní mi ò mọ̀ ọ́n tú?"

"Ìbọn náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Dókítà gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ má sọ fún àwọn ẹgbẹ́ o. Alága wọn ni mí."

"Ìbọn mélòó lẹ ní nílé?"

"Mọ́kànlá."

"Ta ló ń tú wọn? Ta ló ń nù wọ́n?"

"Mo ń gbé wọn wá síbí." Ó fi ọwọ́ nu iwájú orí. "Jolene ni."

"Jolene tí ẹ fẹ́ kí wọ́n lé láago mẹ́rin?"

"Ardith..."

"Mọ́kànlá, fún ọdún mẹ́fà. Ṣé ó ti ha ọ̀kan rí?"

Dókítà yíjú sí òkè iyẹ̀pẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. "Rárá," ó wí. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà wéré. "Ẹ dúró ná. Kí lẹ fi ní kí n tú ìbọn? Ṣé èmi lẹ fura sí?"

"Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fura sí. Lọ́jọ́ Ajé, ìbọn náà wà lọ́wọ́ yín. Mo rò pé ẹ tú u nígbà tí Merle kọ ẹ̀yìn sí yín, ẹ ha á, ẹ wá ń wá orí tẹ́ ẹ máa dì í lé. Ọ̀pọ̀ àgbà ọkùnrin ló ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ìtìjú."

"Báyìí ńkọ́?"

"Báyìí, ẹni tí kò mọ ilẹ̀kùn kò lè wọlé lọ jalè. Ẹ lọ jẹun ọ̀sán yín, Dókítà. Ẹ padà wá láago mẹ́rin, kí ẹ sì mú sùúrù dání."

*

Ó jókòó lórí àga gígùn nínú pápá náà, ó tú ìbọn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i. Lábẹ́ ibi tí ìdènà ń jókòó sí, kínní kékeré kan báyìí lẹ̀ mọ́ irin, kò tó irúgbìn tòmátì. Ó fi èékánná yọ ọ́. Téèpù búlúù ni, irú èyí tí àwọn kunlékunlé ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ardith mọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kì ìdènà bọlé tí kò fẹ́ ha ìbọn á kọ́kọ́ lẹ téèpù mọ́ ara irin náà, kó lè jẹ́ pé téèpù ló máa fara gbá a. Merle ló ń kọ́ gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀. Jolene ló ṣe ìbọn tirẹ̀, Jolene sì lo téèpù. Ẹni tó ń fi téèpù bo ìbọn kan, kí ló dé tí kò ní fi bo èkejì tó jọ ọ́ bí ìbejì?

Ó padà ronú lórí àpá náà. Ògidì òmùgọ̀ kì í ha ìbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ipá ló ń lò, á ha á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á gùn, á sì jìn, bí ti Ardith fúnra rẹ̀ ní 1994. Ẹni tó ṣe ti dókítà rọra ń ti irin náà. Ìgbà tí irin kan irin, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì dúró lójú ẹsẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ó tún kàn, ó tún dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta ló tó wọlé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ dénú egungun ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Kò sì lo téèpù, nítorí ó gbà pé òun ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Ta ló máa ń sọ ọ́ káàkiri pé téèpù wà fún àwọn ọmọ ilé ìwé, pé òun kò fi kan ìbọn rí láti ọdún méjìdínlógójì?

Ardith rántí ọwọ́ méjì tó wà nínú àpò épíríọ̀nù láti àárọ̀. Ó rántí àpótí tí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ tì. Ó rántí pé ní oṣù mélòó kan báyìí, Merle kì í bu kọfí fún ẹnikẹ́ni mọ́, á ní kí wọ́n lọ bù ú fúnra wọn. Ayọ̀ àárọ̀ yẹn kò kúrò lára rẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n nǹkan kan wọ̀ ọ́ lọ́kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó dùn ún.

Ó lọ bá Jolene, ó gbé téèpù náà sí iwájú rẹ̀.

"Tìrẹ nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú, ó yẹ kí n rí i."

"Ta ló ṣe ti dókítà?"

Omi lé ròrò sójú Jolene. "Ẹ má bi mí, mà. Ẹni yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ obìnrin."

"Ó tó," ni Ardith wí. "Mi ò bi ọ́ mọ́."

*

Merle wà ní yàrá ẹ̀yìn, nítòsí ààrò iná. Ardith ti ilẹ̀kùn, ó gbé ìbọn rẹ̀ tó ti tò padà ku ẹyọ kan sórí tábìlì, ó sì fi ìdènà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bá mi kì í bọlé."

"Jolene wà níta."

"Ìwọ ni mo bẹ̀."

"Mo ń ṣiṣẹ́, Ardith."

"Iṣẹ́ wo? O ń yáná."

Ààrò iná ń ta pàrà. Merle wo irin kékeré náà títí, bí ẹni tó ń wo aago tó mọ̀ pé ó máa dún. Lẹ́yìn náà ló yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń yí lórí ìka ìfábẹ̀lá, bí ẹni tó ń yí hóró àgbàdo kan tí kò sí níbẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ọdẹ tó kọjá. Mo rò pé òtútù ni."

"O ti rí dókítà?"

"Dókítà wo? Hargis? Kó lọ sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé Merle ò lè mú ìbọn mọ́?" Ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú. "Jolene ṣe tìrẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní àárọ̀ àná, mo dé kí ó tó dé. Mo rí èkejì nínú àpótí. Iṣẹ́ Halvard, Ardith! Mo ní kí n ṣe ẹyọ kan yìí, ẹyọ kan péré, bóyá kò tún ní sí òmíràn. Mo gbọ́ nígbà tó kàn án. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Jolene sì rí i."

"Ó rí i. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn pa àpótí dé. Nígbà tí ọkùnrin yẹn nàka sí i láàárọ̀ yìí, mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Fọ́tò ogójì ló wà lára ògiri yẹn. Ọwọ́ yìí ni mo fi kàn wọ́n. Ojú ń tì mí, Ardith. Ojú ń tì mí débi pé mo fẹ́ẹ̀ jẹ́ kí wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ."

Ardith fẹ́ràn ọkùnrin yìí ju ọ̀pọ̀ ẹbí rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí inú fi bí i.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ó wí. "Ìwọ lo wà lọ́jà láàárọ̀ yìí, Merle. O dúró, ò ń wolẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ìyá ọmọ yẹn ò ní jẹun lálẹ́ bí kò bá yọjú. Ìyẹn náà, o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Bá mi sọ ọ́ fún Hargis. Ìwọ mọ ọ̀rọ̀ sọ."

"Rárá. Bí o ò bá sọ ọ́ láago mẹ́rin, màá sọ ọ́, gbogbo ìlú á sì mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe ìwọ. Yan èyí tó wù ọ́."

*

Aago mẹ́rin kò tíì lù tán tí Dókítà Hargis fi wọlé. Kò pariwo mọ́. Ó ṣí fìlà, ó dúró níwájú káńtà bí ẹni tí kò mọ ibi tí òun fẹ́ gba bẹ̀rẹ̀. Ardith jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Jolene sì ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí kan, ó ti wọ kóòtù.

"Merle," ni dókítà bẹ̀rẹ̀, "mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dà bí ẹni pé..."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí n má baà sá." Merle jáde kúrò lẹ́yìn káńtà. Ó yọ ọwọ́ méjèèjì síta. "Èmi ni mo ha ìbọn yín. Kì í ṣe Jolene. Jolene mọ̀, ó bò mí láṣìírí, èmi sì dákẹ́, mo jẹ́ kí ẹ bú u. Jolene, dá irinṣẹ́ rẹ padà sáyè rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá máa kúrò níbí lónìí, èmi ni."

Dókítà kò wo ìbọn, kò wo ojú Merle pàápàá. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló ń wò.

"Ẹ jókòó," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ohùn tó fi ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ ni.

"Mo lè dúró."

"Mi ò ní kí ẹ sọ bóyá ẹ lè dúró. Ẹ jókòó, ẹ gbé ọwọ́ lé itan. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má dì í mú." Ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan nínú omi yìnyín tí bàtà oníbàárà gbé wọlé, ó di ọrùn ọwọ́ náà mú, ó ń ká a, ó ń nà á. "Bí ẹ bá mú nǹkan, ṣé ó máa ń dín kù?"

"Díẹ̀. Láti ìgbà ọdẹ tó kọjá ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹ padà." Merle rìn. Apá òsì rẹ̀ ń jù, ti ọ̀tún kò jù. Gbogbo wọn rí i, wọn ò sì mọ bí wọn kò ṣe rí i tẹ́lẹ̀. "Òórùn kọfí ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ ọ láàárọ̀?"

Merle dúró lójú kan. "Mo rò pé kọfí ayé ìsinsìnyí ni kò dára mọ́," ó wí pẹ̀lú ohùn kékeré.

"Kọfí náà dára. Àìsàn tó ń gbọn ọwọ́ yín yìí ló gba òórùn rẹ̀ lọ́wọ́ yín." Dókítà dìde, ó ń gbọn eékún ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ, kí n tó gba ẹnikẹ́ni. Oògùn wà. Kì í lé àìsàn náà lọ, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ sinmi. Oṣù mẹ́fà lẹ ti fi pa á mọ́ lásán, ẹ̀yin ọkùnrin olórí kunkun yìí. Kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ìbúra wà fún ìyẹn."

Merle mi orí pé òun gbọ́.

Dókítà yíjú sí Jolene, ojú ara rẹ̀ náà sì pọ́n. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Láàárọ̀ yìí, mo sọ̀rọ̀ sí ọ bí ẹni tí kò nítìjú. Má bínú."

"Kò tán síbẹ̀, Dókítà," ni Jolene wí, ó ti ń bọ́ kóòtù. "Ìbọn yín ti di méjìlá báyìí. Èyí tuntun yìí, ẹ̀yin lẹ máa nù ún fúnra yín. Mo kọ̀ ọ́."

Dókítà wo Ardith. Ardith wo òrùlé.

"Ìbọn tí wọ́n ha yẹn ńkọ́?" ó bi dókítà. "Ṣé ẹ fẹ́ dá a padà sọ́dọ̀ Halvard kó tún un ṣe?"

"Kó lọ fún oṣù mẹ́rìnlá míì? Ṣé àpá ló ń dí ọta lọ́nà ni?" Ó fa àpótí náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó gbé ìbọn rẹ̀ jáde, ó sì wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Ó dáa, mi ò mọ̀ ọ́n tú. Mo ti sọ ọ́. Ta ló máa kọ́ mi?"

Jolene la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Merle ti fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ó jókòó, ó sì gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà sórí gíláàsì káńtà níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

"Èmi ni," ó wí. "Ọwọ́ ló ń gbọ̀n, ẹnu mi ò gbọ̀n."